Láìnì tó ṣófo kò ní kí èrò ti dé: ẹ yé fi LGTM sin kóòdù tó ń fi báìtì ránṣẹ́

1/
Ẹ jókòó dáadáa, ọ̀rọ̀ yìí máa gùn díẹ̀. Inú ń bí mi, ara mi gan-an ni mo sì ń bínú sí jù. Lónìí mo fẹ́ bá gbogbo àwa tí à ń tẹ “approve” sórí kóòdù tí a ò kà jà. Kóòdù tí mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ ni èyí tó ń fi báìtì ránṣẹ́ nínú driver serial port. Ẹ má tíì sá lọ. Driver yìí kì í ṣe awakọ̀ dánfó. Mo máa ṣàlàyé ẹ̀ débi tí ẹni tí kò kọ kóòdù rí á fi mọ ibi tí ìjà wà.

2/
LGTM, fún àwọn tí ò mọ̀ ọ́n: lẹ́tà mẹ́rin tí àwọn tó ń kọ kóòdù máa ń kọ sábẹ́ iṣẹ́ ẹlòmíì láti sọ pé “ó dáa lójú mi”. Ó yẹ kó túmọ̀ sí pé mo ti kà á, ó yé mi, mo sì gbà pé kó lọ. Ohun tó túmọ̀ sí báyìí ni pé mo ti rí i. Bí ẹni tó tẹ like sórí fọ́tò ìyàwó tuntun láìmọ ọkọ, láìmọ ìyàwó.

3/
Èmi náà jẹ̀bi, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ jẹ́wọ́. Nígbà tí mo jẹ́ àgùnbánirọ̀, wọ́n pín mi sí iléeṣẹ́ kékeré kan tó ń ṣe ẹ̀rọ tí ń ṣọ́ iná sólà. Mi ò ní dárúkọ wọn. Ẹ̀rọ wa ò ju páálí bisikíìtì lọ, Linux ló wà nínú ẹ̀. Ó ń gba orí wáyà RS-485 bi inverter léèrè ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú pé “bátìrì ku mélòó?” Tí bátìrì bá ti ń lọ sílẹ̀ jù, á fi text ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín pé kó tètè wá tan jẹnẹrétọ̀.

4/
Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ kọ patch kan sínú driver wa. Kóòdù àtijọ́ máa ń pẹ́ jù kó tó dákẹ́ lórí wáyà, tí inverter tó yára bá dá a lóhùn, ìbẹ̀rẹ̀ èsì á ti sọnù. Ẹ̀gbọ́n tún un ṣe kó lè yára. Wọ́n ní kí n yẹ̀ ẹ́ wò. Mo wò ó. Mo ní orúkọ variable kan ti gùn jù. Mo ní àyè kan ṣẹ́kù níparí ìlà kan. Wọ́n tún méjèèjì ṣe. Mo kọ LGTM. Gbogbo ẹ̀ ò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ.

5/
Update yẹn lọ sórí gbogbo ẹ̀rọ wa. Ọ̀kan nínú wọn wà ní ṣọ́ọ̀bù màmá kan tó ń ta ẹja yìnyín. Láti ọjọ́ yẹn, ẹ̀rọ ò rí èsì kankan gbà lọ́dọ̀ inverter wọn mọ́. Kò sí èsì, kò sí text. (Kóòdù tó ka “kò sí èsì” sí “kò sí wàhálà” náà jẹ̀bi, mo máa bá ìyẹn jà lọ́jọ́ míì.) Bátìrì kú lóru ọjọ́ Sátidé. Mọ́ńdè ni wọ́n tó ṣílẹ̀kùn.

6/
Mo wà nínú àwọn tó lọ síbẹ̀. Màmá ò pariwo lé wa lórí. Ì bá dáa kí wọ́n pariwo. Wọ́n kàn ń kó ẹja sínú àpò ìdọ̀tí, wọ́n ń kà á bí wọ́n ṣe ń kó o. Àwa dúró, à ń sọ pé ó lè jẹ́ wáyà. Ó lè jẹ́ inverter. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fọwọ́ kan nǹkan. Gbogbo ẹ̀bi yẹn la gbé ká kí a tó rántí gbé e délé.

7/
Ó yá, ẹ jẹ́ ká ṣí ikùn ẹ̀rọ yìí. Serial port kì í fi báìtì ránṣẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bit kan ló ń lọ tẹ̀lé òmíì lórí wáyà. Báìtì kan ní bit mẹ́jọ, a fi bit kan ṣíwájú ẹ̀, a fi ọ̀kan tì í lẹ́yìn: mẹ́wàá. Tí ìyára wáyà bá jẹ́ 9600, báìtì 960 ló lè kọjá ní sẹ́kọ́ńdù kan. Báìtì kọ̀ọ̀kan ń gba bíi 1.04 millisecond. Tó bá jẹ́ 115200, báìtì kan ò ju microsecond 87 lọ. Ẹ fi nọ́ńbà méjèèjì yẹn sọ́wọ́, a ṣì máa padà wá bá wọn.

8/
Chip tó ń ṣe iṣẹ́ yìí là ń pè ní UART. Ìdílé tó gbajúmọ̀ jù ni ti 16550A, tó ní láìnì kékeré kan nínú tó ń gba báìtì 16. FIFO ni wọ́n ń pe láìnì yẹn: ẹni tó kọ́kọ́ dé ló kọ́kọ́ ń lọ. Ẹ jẹ́ kí n dá yín lẹ́rìn-ín: 16550 tó ṣáájú “A” yìí, FIFO tiẹ̀ lálèébù débi pé kò ṣeé lò. Wọ́n ní láti tún chip ṣe. Irin gan-an nílò àyẹ̀wò, ìwọ wá ń sọ fún mi pé kóòdù tìẹ ò nílò.

9/
Báyìí ni kẹ́ ẹ ṣe rò ó. Ẹ ro géètì estate kan. Èèyàn 16 tò sí láìnì nínú estate, wọ́n fẹ́ jáde. Ọ̀kadà kan ṣoṣo ló ń gbé wọn, ẹnì kan ṣoṣo ló sì ń gbé lẹ́ẹ̀kan. Láìnì yẹn ni FIFO. Ọ̀kadà yẹn ni shift register. Ẹni tó kẹ́yìn gun ọ̀kadà. Láìnì ti ṣófo. Ṣé ẹni yẹn ti jáde ní géètì? Rárá o! Orí ọ̀kadà ló wà.

10/
UART mọ ìyàtọ̀ yìí, ó sì ń sọ ọ́. Nínú register kan tó ń jẹ́ LSR, bit méjì wà níbẹ̀. THRE (0x20) ń sọ pé “láìnì ti ṣófo”. TEMT (0x40) ń sọ pé “láìnì ti ṣófo, ọ̀kadà náà sì ti já ẹni tó kẹ́yìn sílẹ̀”. Bit méjì tó fara kanra. Orúkọ wọn jọra. Iṣẹ́ wọn ò jọra rárá.

11/
Lórí ọ̀pọ̀ iṣẹ́, ẹni tó bá ṣi ọ̀kan lò fún ìkejì lè má jìyà ẹ̀. Ṣùgbọ́n RS-485 yàtọ̀. Orí wáyà kan náà ni gbogbo ẹ̀rọ ti ń sọ̀rọ̀. Tó o bá fẹ́ sọ̀rọ̀, o máa ṣí géètì. Tó o bá sọ tán, o gbọ́dọ̀ tì í kí ẹlòmíì lè dáhùn. Tó o bá pẹ́ jù kó o tó tì í, o máa dí èsì lọ́wọ́. Tó o bá yá jù, o máa ti géètì mọ́ ọ̀kadà àti ẹni tó gbé sẹ́yìn.

12/
Kí ni patch ẹ̀gbọ́n ṣe? Ó ń wo THRE. Tí láìnì bá ti ṣófo, á dúró fún microsecond 100, á ti géètì. Kí ló dé tó fi jẹ́ 100? Torí pé inverter tó wà lórí tábìlì wa ní ọ́fíìsì, 115200 ló ń sọ. Báìtì tó kẹ́yìn nílò 87. 100 ju 87 lọ. Ó ṣiṣẹ́. A ṣe é ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ó ṣiṣẹ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún. Gbogbo wa pàtẹ́wọ́.

13/
Inverter màmá ẹlẹ́ja, 9600 ló ń sọ. Ní 9600, bit kan ṣoṣo ń gba bíi microsecond 104. Ẹ tún un kà. Bit KAN. Nígbà tí kóòdù wa ti géètì ní 100, bit àkọ́kọ́ nínú báìtì tó kẹ́yìn ò tíì kọjá tán. Bit mẹ́sàn-án tó kù ò tilẹ̀ gbéra.

14/
Ẹ wá wo bó ṣe burú tó. Modbus la fi ń bá inverter sọ̀rọ̀, èdè àwọn ẹ̀rọ iléeṣẹ́ tó ti wà láti 1979. Ìbéèrè tí a ń bi í ò ju báìtì mẹ́jọ lọ. Méjì tó kẹ́yìn ni CRC, òǹtẹ̀ tó fi ń mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ò bàjẹ́ lójú ọ̀nà. Tí òǹtẹ̀ bá ti já, òfin Modbus ni pé kí ẹni tí wọ́n bi ní ìbéèrè dákẹ́. Kò ní sọ pé “mi ò gbọ́”. Kò ní bínú. Á kàn dákẹ́. Báìtì méje dé pépé, ìkẹjọ já, gbogbo ìbéèrè di òfo.

15/
Nọ́ńbà kan ṣoṣo. 100. Ó jókòó síbẹ̀ lójú mi gbangba, èmi wá ń bá orúkọ variable jà. Mi ò bèèrè pé “100 yìí, níbo ló ti wá?” Ìbéèrè yẹn ò nílò kéèyàn jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n. Ọmọ tó mọ ìṣirò pínpín lè bèèrè ẹ̀. Ohun tí mo ní láti ṣe ò ju kí n pín 10 sí ọ̀nà 9600 lọ.

16/
Nítorí náà, ohun tí mo ń sọ nìyí, ẹ gé e lẹ́yọ kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́: ẹni tó bá ń yẹ kóòdù tó ń fi nǹkan ránṣẹ́ wò, tí kò bèèrè ibi tí báìtì tó kẹ́yìn wà, kò tíì yẹ nǹkan kan wò. Ìlà tó tò gún àti orúkọ tó dùn, ẹ̀rọ lè bá wa tún ìyẹn ṣe. Ìbéèrè yẹn ni iṣẹ́ èèyàn.

17/
Mo ti ń gbọ́ yín. “Ṣùgbọ́n test wà, test á gbé e.” Ta ló sọ fún yín? Àwa náà ní test. Test wa lo loopback inú UART, bit 4 nínú register MCR. Tó o bá tan ìyẹn, ohun tó ń jáde lọ́dọ̀ ọ̀kadà á yí padà sínú chip fúnra ẹ̀. Kò dé wáyà. Kò gba ẹnu géètì kọjá rárá. O wá fi ojú ọ̀nà tí kò sí géètì dán géètì wò, ó ní “ó yege”. Òótọ́ ni, ó yege. Ọ̀nà míì ló gbà.

18/
“Ṣùgbọ́n write() dá nọ́ńbà pípé padà, ó ti lọ nìyẹn.” Haba! Ní Linux, ohun tó o bá fi write() fún serial port, inú buffer kernel ló kọ́kọ́ bọ́ sí. Buffer yẹn tó báìtì 4096 lórí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà. Ní 9600, ó lé ní sẹ́kọ́ńdù mẹ́rin kó tó tán. write() ti dá ẹ lóhùn, o ti ń lọ jẹun. Báìtì tó kẹ́yìn ṣì wà ní láìnì, ó ń nu òógùn.

19/
Ẹni tó bá fẹ́ dúró dè é ní tcdrain() láti lò. Ó dáa. Ṣùgbọ́n ṣé ẹ mọ ẹni tí tcdrain() ń bi léèrè lábẹ́lẹ̀? Ó ń bi driver, nípasẹ̀ iṣẹ́ kan tó ń jẹ́ tx_empty. Ìwé Linux sọ ọ́ kedere pé ohun tí tx_empty ń dáhùn ni bóyá FIFO ÀTI shifter ti ṣófo, méjèèjì. Tí ẹni tó kọ driver bá wo láìnì nìkan, irọ́ ìsàlẹ̀ ti di irọ́ òkè nìyẹn. Gbogbo program tó gbára lé e á máa tan irọ́ náà ká, láìmọ̀.

20/
“Ẹ̀gbọ́n ló kọ ọ́, ta ni mo jẹ́ tí mo máa bi wọ́n léèrè?” Èyí gan-an ló pa mí. Mi ò purọ́. Mo rí 100 yẹn, ọkàn mi ṣe kì, mo ní “ẹ̀gbọ́n á ti mọ̀”. Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá, ẹ ṣáà mọ ọ̀rọ̀ àwọn àgbà: ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Ẹ̀gbọ́n kọ́ ló rán mi níṣẹ́. Màmá ẹlẹ́ja ló rán mi. Owó wọn la gbà.

21/
Ìbéèrè ò sì ní kó jẹ́ àrífín. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, 100 yìí, báwo lẹ ṣe dé ibẹ̀?” Ó tán. Tí wọ́n bá mọ̀ ọ́n, wọ́n á kọ́ ẹ. Tí wọn ò bá mọ̀ ọ́n, o ti gba àwọn náà là. Nígbà tí mo padà bi wọ́n lẹ́yìn gbogbo wàhálà, ẹ mọ ohun tí wọ́n sọ? “Mo rò pé ìwọ máa wò ó.” Wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé mi, mo gbẹ́kẹ̀ lé wọn. Ẹnikẹ́ni ò sí lẹ́nu géètì.

22/
Ẹ jẹ́ kí n fún yín ní ohun tí mo máa ń bèèrè báyìí. Mi ò ta á, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀.
Ọ̀kan: ìgbà wo ni kóòdù yìí kà sí “ó ti tán”? Ṣé láìnì ló wò, àbí ọ̀kadà náà?
Èjì: nọ́ńbà ìdúró yìí, ṣé ìyára wáyà la fi ṣírò ẹ̀, àbí ẹnì kan kàn gbé e kalẹ̀ torí pé ó ṣiṣẹ́ lórí tábìlì tiẹ̀?

23/
Ẹ̀ta: ta ló di lock mú? Nínú Linux, nígbà tí wọ́n bá pe start_tx driver, lock port náà ti wà lọ́wọ́, interrupt sì ti wà ní pípa. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ sùn níbẹ̀. Tó o bá rí msleep tàbí mutex nínú ẹ̀, dá iṣẹ́ dúró, má wulẹ̀ ka èyí tó kù.
Ẹ̀rin: tí buffer bá ṣófo, ta ló ń pa interrupt ìfiránṣẹ́? Tí ọ̀rọ̀ tuntun bá wọlé, ta ló ń tún un tàn? Tó o bá gbàgbé àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ chip á máa pariwo lásán. Tó o bá gbàgbé ìkejì, ọ̀rọ̀ á jókòó síbẹ̀, kò sí ẹni tó máa wá gbé e.

24/
Àrún: program tó sùn torí pé buffer kún, ta ló ń jí i? Driver 8250 inú Linux ń pe uart_write_wakeup nígbà tí ohun tó kù kò bá tó 256 mọ́. Gbàgbé ìlà yẹn, kí program náà sùn àsùn-ùn-jí.
Ẹ̀fà: gbogbo while tó ń dúró de irin, níbo ló ti ń jáde? Tí ẹni tó wà lódìkejì bá fi CTS dá a dúró, tí TEMT ò wá láéláé ńkọ́? Ó máa yí títí, interrupt wà ní pípa, gbogbo ẹ̀rọ á gan síbẹ̀.

25/
Ìbéèrè mẹ́fà. Kò gba wákàtí kan. Ẹ ó sì rí i pé kò sí ìkankan nínú wọn tó ń bèèrè bóyá kóòdù rẹwà. Ibi tí ọ̀rọ̀ ti lè sọnù ni gbogbo wọn ń bèèrè: nínú buffer, ní láìnì, lórí ọ̀kadà, lẹ́nu géètì. Ìrìn àjò báìtì kan láti ilé dé ojú títì nìyẹn. Ká tó fọwọ́ sí i, ó yẹ kí a ti bá a rìn dé òpin.

26/
Àwọn kan á ní: “Ìyẹn ti di ti àtijọ́, AI ló ń kọ kóòdù báyìí, AI náà ló ń yẹ̀ ẹ́ wò.” Ẹ ṣeun. Ní 2024, Linux 6.10 pa buffer àtijọ́ tí driver serial ń lò tì, ó gbé kfifo wọlé dípò ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀kẹ́ àìmọye kóòdù àtijọ́ ló wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ìgbà tí mo ní kí AI kan kọ ọ̀nà ìfiránṣẹ́ fún mi, ti àtijọ́ ló gbé jáde. Ó kọ ọ́ dáadáa o, ó tò gún rẹ́gẹ́, ó tiẹ̀ fi àlàyé sí i. Ìyẹn ló fi léwu.

27/
Mi ò bá AI jà. Mò ń lò ó. Ṣùgbọ́n AI ò lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù màmá. Kò mọ̀ pé inverter tó wà níbẹ̀, 9600 ló ń sọ, àfi kí ẹnì kan sọ fún un. Ẹni tó yẹ kó bèèrè ni ìwọ. Bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, a máa ń fi tọmọ jẹ́ ẹ. AI lè gba iṣẹ́ ẹrú yẹn jẹ́. Fífi tọmọ jẹ́ ẹ ṣì kù sí ẹ lọ́wọ́.

28/
Ẹlòmíì tún ní: “Ìwọ tó ń ṣe fídíò, kí ló kàn ẹ́ pẹ̀lú kernel?” Ẹ ṣáà jẹ́ kó kàn mí. Àwọn tó ń kọ kernel gan-an ti kọ ohun tí àyẹ̀wò jẹ́ sílẹ̀. Tí ẹnì kan bá fi “Reviewed-by” àti orúkọ ẹ̀ sábẹ́ patch Linux, ìwé wọn sọ ohun tó ń jẹ́rìí sí: pé òun ti yẹ iṣẹ́ náà wò ní ti ìmọ̀ ẹ̀rọ, pé òun ti sọ ìṣòro tí òun rí fún ẹni tó kọ ọ́. Kò búra pé kò ní bàjẹ́. Ó jẹ́rìí pé òun wò ó. Ẹ̀rí ni. LGTM tèmi lọ́jọ́ náà, ẹ̀rí èké ni.

29/
Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ṣì wà níléèwé, tẹ́ ẹ ń wá iṣẹ́, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín jù. Wọ́n á sọ fún yín pé àyẹ̀wò kóòdù ni ibi tí ọmọ kékeré ti ń kọ́ iṣẹ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ ò lè kọ́ nǹkan kan tẹ́ ẹ bá ń ṣe bí ẹni pé gbogbo ẹ̀ ti yé yín. “Kò yé mi” jẹ́ àyẹ̀wò. “Mo ka èyí, mi ò ka tọ̀hún” jẹ́ àyẹ̀wò. LGTM lórí ohun tí kò yé ẹ, irọ́ ni, bó ti wù kó kéré tó.

30/
Ẹ ó bèèrè pé báwo la ṣe tún tiwa ṣe. Chip yẹn ò ní interrupt fún TEMT, THRE nìkan ló ń ké sí ẹ fún. Nítorí náà a ní láti máa padà wò ó. A yọ 100 kúrò. A ń dúró títí THRE àti TEMT á fi tàn, a sì fi ìyára wáyà ṣírò àsìkò tí a máa dúró dà kí a tó jáwọ́. Ìlà díẹ̀ báyìí ni. Mo dán an wò ní 9600, mo dán an wò ní 115200, lórí wáyà gidi, pẹ̀lú géètì gidi. Ọ̀sán kan ló gbà mí. Ọ̀sán kan tó yẹ kí n ti lò ṣáájú.

31/
Ìlérí tí mo ń bẹ̀ yín fún nìyí. Láti òní lọ, ẹ má kọ LGTM lásán mọ́. Ẹ kọ gbólóhùn kan tó sọ ohun tẹ́ ẹ wò. “Mo wo ìgbà tí géètì ń tì: TEMT ló ń wò. Mo dán an wò ní 9600.” Tẹ́ ẹ bá ń wá gbólóhùn yẹn tẹ́ ẹ ò rí i kọ, á jẹ́ pé ẹ ò tíì kà á. Ẹ padà lọ kà á.

32/
Iléeṣẹ́ san díẹ̀ nínú owó ẹja yẹn fún màmá, kò tó. Wọ́n ṣì ń ta ẹja yìnyín. Ọjọ́ tí a gbé ẹ̀rọ tí a tún ṣe padà lọ, wọ́n bi mí léèrè pé: “Ọmọ mi, ṣé ẹ ti yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa báyìí?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí mo sọ ọ́ tó jẹ́ òótọ́.

Ẹ bá mi pín in. Tẹ́ ẹ bá ní patch ìfiránṣẹ́ kan tẹ́ ẹ ti fọwọ́ sí láìkà, ẹ lọ ṣí i lálẹ́ yìí. Ẹ wá nọ́ńbà tó jókòó síbẹ̀ láìní àlàyé.